Ahéré Pákó Búọ̀dá Hinnerk

"Irọ́ ni!" Búọ̀dá Hinnerk fi ṣíbí gbá ìkòkò.

Gbàn!

Orúkọ ilé ìdáná inú ọkọ̀ ojú omi, Kombüse, ló dá ìjà sílẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá, ọdún 1961. Ọ̀gá Tjark, kápúténì wa, ní ọwọ́ àwọn ará Holland la ti yá a. Búọ̀dá Hinnerk, alásè wa, ní rárá, ahéré pákó ni ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, èyí tí àwọn baba ńlá wa máa ń kàn sórí ọkọ̀ láti dáná nínú rẹ̀.

"Ta ló máa dáná nínú pákó?" Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi! Lónìí!"

"Lónìí, Ọjọ́bọ̀ tí àwa atukọ̀ ń pè ní Ọjọ́ Ìsinmi wa? Tí oúnjẹ ò bá jáde láago méjìlá, gbé ṣíbí sílẹ̀ o."

"Tó bá jáde, ẹ̀yin lẹ máa bó pòtétò títí dé Bremen."

Gbà-gbà-gbà! Búọ̀dá kó ààrò onírin, àpò pòtétò àti ìkòkò jọ sórí ọkọ̀, ó kan pákó yí wọn ká. Èéfín sọ túú láti òkè.

Aago méjìlá lù. Àwo kan yọ láti ojú fèrèsé kékeré. Òmíràn tún yọ. Labskaus gbígbóná, pòtétò àti ẹran oníyọ̀ tí a gún pọ̀, ẹyin díndín lórí!

Ọ̀gá lá àwo tiẹ̀ mọ́ féfé. "Ó dáa, mo gbà. Jáde, kí n wọlé wá bó pòtétò."

Búọ̀dá ò jáde. Mo fọwọ́ gbá pákó.

"Búọ̀dá, ẹ jáde."

"Ibo ni kí n gbà?"

A yí ahéré náà ká. Kò nílẹ̀kùn! Inú ló ti kàn án látòkèdélẹ̀. Fèrèsé ọ̀hún, ikùn Búọ̀dá ò lè bá a dọ́rẹ̀ẹ́ láé.

"Yọ pákó kan," ni Ọ̀gá wí.

"Kẹ́ ẹ lè sọ pé kì í ṣe Kombüse mọ́? Ó tì o!"

Ẹ̀rín ń pa mí! Láti ọjọ́ náà, inú ahéré ni pòtétò ti ń fò jáde. Gbì! Fìlà Ọ̀gá. Gbì! Imú Ọ̀gá. Ọ̀gá ń bó o, ó ń ṣépè.

Ní Bremen, ìyàwó Búọ̀dá, Àǹtí Gesche, ti dúró ní èbúté.

"Ọkọ mi dà?"

A nawọ́ sí ahéré tó ń rú èéfín.

Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. "Kò nílẹ̀kùn?"

"Kò ní, Àǹtí."

"Ọlọ́run ṣeun! Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó sílé. Ẹ bá mi gbé e bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ lọ sọ̀ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ!"