Dàda Ahvenranta Wọ Ilé Ooru

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìgbéraga tó ń fẹsẹ̀ méjì rìn, kó wá sí abúlé Ahvenranta lọ́dún 1986, kó wo Veijo Lehtovaara tó ń ta katakata fáwọn àgbẹ̀. Irun orí rẹ̀ ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti àgùntàn, ó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn ọrùn. Kì í kọjá lára dígí kó má kí i.

Nígbà náà, ìdajì ọkùnrin abúlé ló ń lọ fi rólà àti kẹ́míkà ká irun lọ́dọ̀ onídìrí, wọn ò sì fi pamọ́. Veijo nìkan ló ní ọ̀run ni wọ́n ti ká tòun wá. “Ìyá ìyá mi ni mo fi irun jọ,” ló máa ń wí. Ẹ kú ewu ọmọ o! Dàda tí ìyá kò bí, Dàda tó ń wọkọ̀ lọ sí ìlú Tampere lọ gba irun bọ̀.

Ṣùgbọ́n Veijo fẹ́ràn Aulikki dénú, ọmọ Taisto tó ni ilé ìlagi. Aulikki ti lé àfẹ́sọ́nà kan lọ rí nítorí irọ́, ó sì ti sọ pé kò sí ohun tí òun ò lè fara dà lára ọkùnrin bí kò ṣe irọ́. Ilé wọn pe Veijo wá ṣe Juhannus, àjọ̀dún àárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọjọ́ náà ló fẹ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá.

Kí orí lè dán, ó lọ tún un ká ní ọjọ́ tó ṣáájú. Onídìrí kìlọ̀ fún un pé omi àti ooru ò gbọdọ̀ kàn án fún ọjọ́ méjì. Ó ní kò burú, òun á sọ pé òtútù mú òun, òun ò ní wọ sáúnà, ilé ooru tí gbogbo ilé máa ń wọ̀ lọ làágùn lọ́jọ́ àjọ̀dún.

“Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀fìnkìn ń dà mí láàmú,” ló wí fún Taisto lọ́jọ́ náà.

“Ọ̀fìnkìn kẹ̀? Kí ni wọ́n wá kọ́ sáúnà fún?” Taisto ti ń bọ́ ṣòkòtò. “Bọ́ aṣọ ẹ, jàre.”

Ọmọ bíbí ibẹ̀ tó fi ọ̀fìnkìn ṣe àwáwí ti gbàgbé ilé. Veijo fi aṣọ ìnura wérí, ó tẹ̀ lé Taisto àti Ilpo ọmọ rẹ̀ wọlé. Taisto bi í pé ta ní ń wé gèlè wọ sáúnà, ó sì já a kúrò.

Taisto da omi sórí òkúta gbígbóná. Ooru dìde, òórùn kan sì bá a dìde bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ilpo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó bóyá eku kú síbẹ̀. Taisto gbóòórùn ìdì ewé tí wọ́n fi ń na ara nínú sáúnà, ó gbóòórùn Ilpo, ó wá dúró lórí Veijo.

“Báyìí gan-an ni orí ìyá Ilpo ṣe rùn lọ́dún Àjíǹde.”

Veijo ní oògùn ọ̀fìnkìn tóun fi para ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àánú aláìsàn ṣe Taisto, ó da ìgbakọ omi mìíràn kún un kí oògùn lè ṣiṣẹ́.

Kẹ́míkà ṣàn wọ Veijo lójú. Díẹ̀ ló kù kó gbàgbé aṣọ ìnura nígbà tó sáré jáde, tó sì bẹ́ sínú adágún tó wà nítòsí, lójú àwọn obìnrin àti aládùúgbò tó ń dáná àjọ̀dún. Nígbà tó yọrí, irun náà ti nà tọ́ọ́rọ́, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Tyyne, ìyá Aulikki àti Ilpo, bẹ̀rẹ̀ létí omi, ó fa imú. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ó fẹ́ mọ̀ ni.

“Veijo ọmọ mi, níbo lo ti ṣe é? Tèmi kì í pẹ́ tú.”

Veijo wo Aulikki. Irọ́ kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

“Tampere ni, Màmá. Lánàá.”

Ẹ̀rín gba etí adágún kan. Aulikki rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìyá rẹ̀ mú, kó tó gbé kọfí wá fún Veijo. Veijo rọra bi í pé ṣé òun ṣì lè bá bàbá sọ̀rọ̀ yẹn.

“Lọ gé e ná, Veijo,” ló wí. “Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí orí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́.”