Ìtàn Hockey Chicago Tí Mo Kọ́ Sórí

Ọjọ́ Friday kan wà tí mi ò rò pé ó lè tán lọ́kàn mi láyé yìí. Nígbà mìíràn mo máa ń rántí rẹ̀ nínú train, màá sì bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí, ṣùgbọ́n kí n tó pa ẹnu dé, ẹ̀rín náà á ti korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀ dáadáa.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ni. Calgary dàbí ilé ọ̀fọ̀ nígbà náà. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń ti ilé gogoro àárín ìlú jáde lọ́sàn-án gangan, tó gbé páálí tí fọ́tò ọmọ rẹ̀ àti òdòdó kékeré kan wà nínú ẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé ó ti kan òun náà nìyẹn. Ọdún méjì péré ni mo ti lò gẹ́gẹ́ bí engineer nílùú náà nígbà tó kàn mí. Wọ́n pè mí sí yàrá kékeré kan, obìnrin tí mi ò rí rí sì gbé tissue síwájú mi kó tó ya ẹnu. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà, kò sí ọ̀fìnkìn lára mi." Ìgbà tó sọ̀rọ̀ tán ni mo wá mọ ohun tí tissue wà fún.

Basement kan, yàrá abẹ́ ilé, ní Marlborough là ń gbé, èmi, Fúnmi ìyàwó mi, àti Tòmíwá ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì ni Fúnmi. Bí iṣẹ́ mi ṣe lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, èmi ń dáná, mò ń fọṣọ, mò ń mú ọmọ lọ sí school. Kò sóhun tó burú nínú ìdáná. Ṣùgbọ́n tó bá dé láti ibi iṣẹ́, tó wo ìkòkò, tó sì ní, "Bàbá Tòmíwá, ẹ kú iṣẹ́ o," mi ò mọ̀ bóyá ó ń kí mi ni àbí ó ń bú mi. Ó ń kí mi ni. Èmi ni inú mi ti bàjẹ́.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo ti wà nílé nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Délé pè mí. Redstone ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ epo kan, wọn ò sì tíì dá wọn dúró.

"Àbúrò, gbọ́," ni wọ́n wí. "Ọ̀gá kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń jẹ́ Greg. Chicago ló ti wá, kò sì mọ ọ̀rọ̀ mìíràn ju hockey lọ. Mo ti fún un ní CV ẹ. Ó ní kó o wá bá òun mu coffee ní Wednesday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀?"

"Àbúrò mi, ṣé inú CV lo rò pé iṣẹ́ wà nílùú yìí? Kí èèyàn fẹ́ràn ẹ ló jù. Lọ kọ́ hockey."

Ẹ kíyè sí i pé wọn ò dáhùn ìbéèrè mi. Èmi ò kíyè sí i ní tèmi.

Mo ti lo òtútù mẹ́ta ní Calgary láìwo hockey, eré onígi tí wọ́n ń gbá lórí yìnyín, rí. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni mí, mo mọ ìdánwò yege: ohun tí kò bá yé èèyàn, kó há a sórí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń lọ sí library tó wà ní Forest Lawn. Mo kà nípa oníṣòwò kọfí tó kọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ Chicago, ẹni tó fi orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ sọ ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n sì ní ìyàwó rẹ̀, oníjó, ló ya àwòrán aṣọ tí wọ́n ń wọ̀. Mo kà nípa gbọ̀ngàn wọn àtijọ́, tí àwọn eléré á ti abẹ́ ilẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá sórí yìnyín, tí dùùrù ńlá kan á sì máa dún títí ògiri á fi máa gbọ̀n. Mo ka bí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lo àádọ́ta ọdún láìgba ife. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti aṣọ́lé wọn tó farapa nígbà ìdíje àṣekágbá kan. Ṣe ni wọ́n sáré lọ fa aṣọ́lé mìíràn jáde níbi tó ti jókòó ti ọtí ní bar. Ọkùnrin náà wọ bàtà, ó ṣọ́lé, wọ́n sì borí lọ́jọ́ náà.

Tòmíwá wò mí bí mo ṣe ń ka gbogbo rẹ̀ sókè nídìí agbada. "Daddy, we live in Calgary. Why are you learning Chicago?"

"Iṣẹ́ ni, ọmọ mi."

"Can you even skate?"

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ skate?"

Nígbà tí Wednesday dé, Greg ti jókòó sí coffee shop dè mí. Ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n pupa ni, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sọ díẹ̀ nípa ara mi. Dípò kí n sọ ti pump àti ti páìpù, tí mo fi ọdún mẹ́tàlá kọ́, orí oníṣòwò kọfí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ròyìn dùùrù, mo ròyìn àtẹ̀gùn. Ife coffee Greg dúró sójú afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo dé orí aṣọ́lé inú bar, ó ń fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ní láti ìgbà tí òun ti dé Calgary, kò sẹ́ni tó bá òun sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó wá ní, "Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o máa ń gbá a?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. Ẹnu mi ní, "Díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní Lagos."

Ní Lagos! Hockey orí yìnyín, níbi tó jẹ́ pé inú cooler ẹlẹ́ja la ti ń rí yìnyín! Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà gbà á gbọ́. Ó bi mí ipò tí mo máa ń dúró sí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wá sí mi lórí. Mo ní, "Goalie," aṣọ́lé.

Greg dìde dúró. "Friday, ní aago méjìlá ọ̀sán! À ń gbá a lákòókò lunch. Wá pàdé àwọn èèyàn wa."

"Àwọn èèyàn wa." Nínú etí mi, ìgbìmọ̀ tó ń gbani síṣẹ́ nìyẹn. Mo délé, mo sọ fún Fúnmi pé interview kejì ni. Bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, ó lọ aṣọ funfun mi, ó sì gbàdúrà lé e lórí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń ṣe àmín.

Bàtà skate, ti ìrìn orí yìnyín, ló kù. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà ní International Avenue, mo rí bàtà skate kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ mi. Ó funfun báláú, irin abẹ́ rẹ̀ sì ní eyín wẹ́wẹ́ níwájú. Mo rò pé eyín yẹn ni bíréèkì. Ìgbà tí mo dé yàrá ìmúra pápá yìnyín wọn lọ́jọ́ Friday ni mo rí i pé bàtà gbogbo èèyàn dúdú, kò sì léyín. Bàtà àwọn obìnrin tó ń jó lórí yìnyín ni mo rà.

Èèyàn bíi mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbé ìmúra aṣọ́lé fún mi. Ó tóbi bíi tìmùtìmù, ó sì ń rùn bíi fùfú ọjọ́ mẹ́ta. Mo so ti ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ẹsẹ̀ òsì, bàbá arúgbó kan ló tú u tó bá mi tún un so. Mo fi fóònù mi sínú kóòtù, mo gbé kóòtù kọ́, mo sì jáde.

Ìṣísẹ̀ kan péré ni. Eyín bàtà yẹn há mọ́ yìnyín, mo fi àyà lélẹ̀, mo sì yọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ wọnú àwọ̀n lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé eré ni mò ń ṣe. Ẹni méjì gbé mi dìde, wọ́n fi mí ti òpó. Mo di òpó náà mú bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú. Puck àkọ́kọ́, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, bà mí ní helmet, gbogbo agogo ìlú sì dún lórí mi. Èkejì wọlé, ẹ̀kẹta wọlé, mo ṣì ń wá àkọ́kọ́. Nígbà tí mo pinnu láti fi òpó sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi kan gba ọ̀nà Redstone lọ, èkejì kọjú sí Forest Lawn. Mo bá ara mi nílẹ̀, puck tó ń bọ̀ sì bà mí ní ìdí, ó dúró síbẹ̀.

Greg pariwo, "Ó mú un! Ó mú un o!" Gbogbo wọn ń fi igi lu yìnyín. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni ti yìn mí gbẹ̀yìn.

Nígbà tí a parí, Greg jókòó tì mí, ó fún mi lómi. "O ò gbá a rí, àbí?"

"Rárá, sà."

"Bàtà yẹn ti sọ fún mi." Ó rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ìkà. "Mo dúpẹ́ pé o wá ṣá."

Mo gbá ìtìjú jọ. "Iṣẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Iṣẹ́ wo?"

"CV tí Délé fún yín."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun ti sọ fún Délé lọ́jọ́ tó fún òun ní CV gan-an pé kò síṣẹ́. Coffee lásán lòun ní kí a mu, nítorí kò sóhun mìíràn láti ṣe ní ọ́fíìsì mọ́. Wọ́n ń ti ibẹ̀ pa níparí oṣù, òun náà ń lọ. "Wọ́n ti dá aṣọ́lé wa dúró lẹ́nu iṣẹ́," ló wí, "wọ́n dá ìdajì ẹgbẹ́ dúró. Nígbà tó o sọ ìtàn aṣọ́lé inú bar yẹn, mo ní Ọlọ́run ti rán tèmi sí mi."

Mo wo àwọn mẹ́fà tó ń tú bàtà. Wọ́n kàn ṣẹ́kù ni. Kò sẹ́ni tó lè gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ nínú wọn.

Mo wọ kóòtù, mo yọ fóònù. Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì fi ohùn sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ omi kan ní ìlú kékeré tí kò jìnnà ni, ibi tí mo ti kọ̀wé sí láti ìgbà òtútù. Wọ́n fẹ́ bi mí ní ìbéèrè díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní kí n jọ̀wọ́ pè wọ́n kó tó di aago méjì. Aago méjì ti kọjá. Mo pè. Obìnrin ohùn jẹ́jẹ́ kan ní, "Ẹ máa bínú, a ti rí ẹni tí a máa mú." Pump, páìpù àti omi ni iṣẹ́ yẹn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni.

Fúnmi ti wọ aṣọ iṣẹ́ nígbà tí mo délé, kóòtù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí puck ti bà mí ní ìdí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo dé orí fóònù, ẹ̀rín náà dá.

"Bàbá Tòmíwá, ṣé ẹ ò tiẹ̀ béèrè bóyá iṣẹ́ wà?"

"Mo bi Ẹ̀gbọ́n Délé."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

Mo ronú. "Wọ́n ní kí n lọ kọ́ hockey."

Ó rọra gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ fi yìnyín sí ìdí yẹn," ló wí. Ó jáde lọ wọ bọ́ọ̀sì. Mo gbọ́ tó fọn imú lórí àtẹ̀gùn basement.

Mo fi ìbínú pe Ẹ̀gbọ́n Délé. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní, "Àbúrò, ojoojúmọ́ lèèyàn ń pè mí fún iṣẹ́. Mi ò níṣẹ́ tí mo lè fún ẹ, òun ni mo ṣe fún ẹ ní hockey." Wọ́n dá Ẹ̀gbọ́n Délé náà dúró níparí oṣù yẹn. Èmi ni mo bá wọn gbé páálí wọn sínú ọkọ̀.

Oṣù márùn-ún mìíràn ló kọjá kí n tó ríṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀: kí èèyàn tó kó ìbọn àti ajá, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹran wà nínú igbó ọ̀hún. Lónìí, bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá pè mí pé kí n bá wọn wá iṣẹ́, tí mi ò sì mọ ibi tó wà, "Kò sí" ni màá kọ́kọ́ sọ. Ọ̀kan gbé fóònù sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò láàánú rárá." Mo bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan, nínú ilé ìdáná. Ọmọ ọlọ́mọ ò mọ̀ pé gbogbo àánú tí mo ní ni mo fún un yẹn.