Alàgbà Adégòróyè àti Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti tóbi ju ilé yín lọ, nítorí ẹnu mi fẹ́ ròyìn akọni. Adégòróyè ni mo ń wí, alàgbà Ìjọ Ìmọ́lẹ̀ Ayọ̀ ní Òkè-Ìsàn. Ọmọ baba tó kọ́kọ́ ra kẹ̀kẹ́ ológeere ní àdúgbò, tí kò jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan aago rẹ̀ títí ó fi dípẹtà. Ọmọ-ọmọ Ògúnmọ́dẹdé tó ní ẹṣin kan ṣoṣo láyé, tí kò gùn ún lẹ́ẹ̀kan rí kó má baà rẹ̀ ẹ́, tó jẹ́ pé ẹṣin náà ló wá sìnkú olówó rẹ̀. Adégòróyè, erin tí í jókòó lórí táyà! Oníṣòwò páànù tí òjò ń bẹ̀rù, òrùlé tí kì í jò, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ń kọrin nínú ìjọ, àwọn tó ń kọjá lójú títì á mọ̀ pé olówó ló ń kọ ọ́.

Kí ogun tó dé, ìrọ̀rùn ti wà. Akọni wa ní jíìpù kan aláwọ̀ eérú, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ké bí ọmọ ewúrẹ́ bí a bá ṣí i. Màmá Tinúadé, ìyá tó bí akọni, ló sọ jíìpù náà ní Àdúràgbà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e délé. Àdúràgbà ló gbé ìyàwó lọ bímọ, òun ló kó àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, òun ló sì ń gbé Màmá lọ sílé Ọlọ́run ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, tí orin àkọ́kọ́ kì í fi í sílẹ̀. Kò ga. Màmá, tí orúnkún rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì kí òun fúnra rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì, á kẹ̀yìn sí i, á fi ìdí lé àga, á wá fa ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé lẹ́yìn náà bí ẹni tó ń kó aṣọ gbígbẹ kúrò lórí okùn. Ó tán. Kò sí ìjà, kò sí ọ̀tẹ̀.

Ṣùgbọ́n àlàáfíà kì í bí akọni. Lọ́jọ́ ìkórè èṣí, bí Alàgbà Adégòróyè ti ń yà wọ ọgbà ìjọ pẹ̀lú Màmá lẹ́yìn ọkọ̀, ni jíìpù mìíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dúdú, tó ń dán bí kóró ìṣin. Alàgbà Láníhùn ló wà nínú rẹ̀, ẹni tí òun àti akọni jọ ń gbé igbá ọrẹ, tí wọ́n sì ti ń fi ohùn orin bá ara wọn jà láti ìgbà tí irun wọn ṣì dúdú. Láníhùn yí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Adégòróyè náà yí tirẹ̀. Ojú akọni bá ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tá. Ó ní láti gbé ojú sókè, bí ẹni tó ń wo àgbọn lórí igi, kó tó rí ẹni tó ń kí i. Láníhùn sì kí i tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Alàgbà, ẹ mà ṣeun. Ibẹ̀ yẹn lẹ wà? Mo wò títí, n ò tètè rí yín.”

Ẹ̀yin ará, ọfà ń bẹ tí kì í fi ojú egbò hàn. Ìwàásù ọjọ́ náà dá lórí ìrẹ̀lẹ̀, akọni kò gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ ìkórè kalẹ̀, ẹran adìyẹ kan ṣoṣo ló lè jẹ, àti òmíràn. Ọkàn rẹ̀ ń sọ ohun kan náà fún un bí ẹni tó ń ka orin ẹlẹ́sẹ púpọ̀: wọ́n kí mi láti òkè, wọ́n kí mi láti òkè.

Kò pẹ́ tó fi ta Àdúràgbà fún tísà kan, tó gbà á tọpẹ́tọpẹ́. Ó ta ilẹ̀ ẹ̀bá odò tí baba rẹ̀ fi ń dáko kókó mọ́ ọn. Fẹ̀yíntọlá ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè pé kí ló ṣe Àdúràgbà. Ó ní kò ṣe é ní nǹkan kan, pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìyàwó ní ilé wo ló jó. Akọni ti ń wọ bàtà, nítorí jagunjagun tó bá dúró dáhùn ìbéèrè kì í tètè dé ojú ogun.

Ó wọ Èkó lọ. Ó rìn láàárín àwọn jíìpù tí wọ́n tò sílẹ̀ fún títà, bí balógun tó ń yan ẹṣin. Kò bèèrè bí ẹ́ńjìnnì ti rí, kò bèèrè bó ti ń mu epo sí; ó ń dúró ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Èyí tó dé èjìká rẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Èyí tó dé etí rẹ̀, ó mi orí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ funfun kan tí òun kò lè rí òrùlé rẹ̀ bí òun kò bá dìde lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, omi gba ojú akọni, ó sì wí nínú ara rẹ̀ pé ibi tí àánú ń bẹ rèé. Bó ti gbé e wọ Òkè-Ìsàn, òjìji rẹ̀ bo ojúlé tó wà lápá ọ̀tún, ó bo tapá òsì; àwọn adìyẹ rò pé ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n wọlé lọ sùn lọ́sàn-án gangan. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kò wá orúkọ mìíràn fún un. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n sọ ọ́.

Akọni sì jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ó ní àfi bí Alúfàá bá ya ọkọ̀ náà sí mímọ́, tí ẹsẹ̀ ìyá tó bí òun sì kọ́kọ́ tẹ inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní jókòó síbẹ̀ yàtọ̀ sí òun tí òun ń wà á. Ẹ̀jẹ́ tó dára ni. Ìyá ni wúrà, ẹsẹ̀ ìyá sì ń mú ire wọlé. Àṣìṣe ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò bi wúrà léèrè. Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti ń rí ohun ìyanu. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á máa lọ jẹ́jẹ́ níwájú, ó ṣófo bí ikùn aláàwẹ̀, akọni nìkan ṣoṣo nínú rẹ̀; kẹ̀kẹ́ Màrúwá á sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ìyàwó, àwọn ọmọ, Màmá àti kúlà oúnjẹ, gbogbo wọn ń mu eruku ọlá.

Ó sì ṣe, ní ọjọ́ ìsinmi tí a yàn, lẹ́yìn tí a ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ìjọ jáde sí ọgbà. Alúfàá Àjàgbé dúró pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́ kan àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ kejì. Akọni wọ agbádá funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé agbádá ń kọ́kọ́ dé ibikíbi kí òun tó dé. Alàgbà Láníhùn fẹ̀yìn ti igi àgbáyun lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù dúdú rẹ̀, tí kò ga mọ́ láti ọjọ́ tí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti wọ̀lú, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n kọrin. Alúfàá wá bi akọni pé kí ni kí àwọn bá a bẹ Olúwa fún lórí ọkọ̀ yìí. Ẹlòmíràn ì bá bèèrè ààbò ojú ọ̀nà, tàbí kí epo má wọ́n. Akọni wo abẹ́ igi.

“Kí Olúwa sọ gbogbo ọ̀tá mi di àpótí ìtìsẹ̀ mi.”

Ìjọ ṣe àmín. Láníhùn náà ṣe àmín, tọkàntọkàn, ohùn rẹ̀ sì dùn ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Èyí ló dun akọni jù.

Wọ́n pe Màmá. Ó jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó kéré bí ẹyẹ ẹ̀gà, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn tí ọmọ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àga Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà níbi tí àyà rẹ̀ wà. Ibi ìtẹ̀sẹ̀ kan wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun gan-an ga dé orúnkún, orúnkún náà sì ni ọ̀ràn wà. Màmá gbé ojú sókè bí àwọn amí ti gbé ojú sókè wo odi ìlú àwọn òmìrán. Ó bi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé ibo ni àkàsọ̀ rẹ̀ wà.

Akọni kò mì. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún un ti sọ pé bọ́tìnnì kan ń bẹ tí èèyàn á tẹ̀, tí ọkọ̀ á sì kúnlẹ̀ bí ràkúnmí. Ó gun òkè lọ, ó tẹ bọ́tìnnì. Òrùlé ṣí. Ó tẹ òmíràn. Omi fọ́n láti ojú gíláàsì, ó ba Alúfàá lójú, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wá fi omi wọ́n ọkọ̀, ọkọ̀ ló kọ́kọ́ wọ́n ọn. Ó tẹ ẹ̀kẹta, ọkọ̀ figbe ta bí ẹni tí wọ́n jà lólè, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìsinmi sì sá kọjá ìloro. Ohun gbogbo ni Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ̀ ọ́n ṣe, àfi ìkúnlẹ̀.

Wọ́n gbé àga oníke wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ya gbàgà bí ẹsẹ̀ ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Wọ́n yí búlọ́ọ̀kù wá láti ẹ̀yìn ilé Alúfàá. Màmá bèèrè bóyá iṣẹ́ bíríkìlà ni òun wá fẹ́ kọ́ lọ́jọ́ ogbó. Ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá ká ọwọ́ aṣọ, akọni fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé ìyá rẹ̀ sókè. Màmá fi ọ̀pá dá a dúró.

“Òkú ni wọ́n ń gbé wọ ọkọ̀, Adégòróyè. Bó o bá fẹ́ gbé mi, ṣe sùúrù díẹ̀.”

Ó ní oní-Màrúwá ń dúró de òun, bí òun ti wá náà ni òun á ṣe padà lọ. Ó yí padà. Akọni ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ti ń lọ, ẹ̀yìn tó fi pọ̀n ọ́n lọ oko, ọ̀pá ń kan ilẹ̀, gèlè ń yẹ̀. Bó bá fi lè dé ìdí kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹ̀jẹ́ bàjẹ́, ọkọ̀ ìdílé sì di ọkọ̀ ẹnì kan títí láé. Ó rántí àga Àdúràgbà tó rẹlẹ̀ bí àga ilé ìdáná. Ó bi ara rẹ̀ pé ta ni òun tilẹ̀ ra ohun yìí fún, ó sì mọ ìdáhùn, ojú rẹ̀ sì tún yí sábẹ́ igi àgbáyun.

Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Láníhùn ti wà nídìí búùtù ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fa nǹkan yọ lábẹ́ táyà àfipamọ́. Nígbà tó nàró, ó gbé e síwájú àyà rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ìjọ sì pín sí méjì fún un bí ìgbà tí omi òkun pínyà, kí wọ́n tó rí ohun tó gbé. Àpótí ni. Kì í ṣe Àpótí Májẹ̀mú, àpótí ìdáná lásán ni, orí rẹ̀ ń dán nítorí ìjókòó, èéfín ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dúdú. Ó dá Màmá dúró lójú ọ̀nà, ó kí i, ó mú un padà dé ẹnu ilẹ̀kùn Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó wá na àpótí sí akọni, ó sún mọ́ etí rẹ̀.

“Ti ìyàwó mi ni. Látọjọ́ tí mo ti ra tèmi, orí ẹ̀ ló ń tẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ṣùgbọ́n Alúfàá dúró sítòsí, gbohùngbohùn rẹ̀ kò sì kú. Ohun tí gbohùngbohùn bá gbọ́, Òkè-Ìsàn gbọ́. Àwọn ìyá ìjọ di ẹnu mú, àwọn èwe kò di ohunkóhun mú.

Adégòróyè dúró bí òpó. Bó bá gba àpótí, ó gba àánú lọ́wọ́ ẹni tó gbàdúrà pé kó di ìtìsẹ̀ òun. Bó bá kọ̀ ọ́, kẹ̀kẹ́ ń dúró. Màmá ló parí ọ̀rọ̀.

“Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó o dì í mú. Ilẹ̀ ò tẹ́jú.”

Akọni kúnlẹ̀. Ẹni tí kì í kúnlẹ̀ níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí aṣọ má baà rún, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, sítáàṣì agbádá rẹ̀ sì dún bí páànù tí oòrùn mú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpótí ọ̀tá rẹ̀ mú. Láníhùn di apá Màmá kan mú. Màmá gbé ọwọ́ kejì lé orí ọmọ rẹ̀, fìlà sì wálẹ̀ dé imú akọni. Ó tẹ àpótí, ó tẹ ibi ìtẹ̀sẹ̀, ó kẹ̀yìn, ó fi ìdí lé àga, ó fa ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé. Ó tán! Ẹ̀jẹ́ ti ṣẹ, Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ní onílé, ìjọ sì ho yèè bí ìgbà tí odi ìlú wó lulẹ̀.

Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe. Òun náà wà lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ ìkórè, etí rẹ̀ kò sì tíì fẹ̀yìn tì. Ó wo àwọn alàgbà méjèèjì nísàlẹ̀ láti òkè.

“Ẹ mà ṣeun. Ibẹ̀ yẹn lẹ wà? Mo wò títí, n ò tètè rí yín.”

Nítorí náà, ẹ kéde rẹ̀ ní Òkè-Ìsàn, ẹ polongo rẹ̀ fún gbogbo onípáànù àti gbogbo ẹni tí páànù wà lórí ilé rẹ̀: akọni bẹ Olúwa pé kó sọ ọ̀tá òun di àpótí ìtìsẹ̀, Olúwa, tí àánú rẹ̀ pọ̀ ju ọgbọ́n wa lọ, ní kí ọ̀tá gbé àpótí wá, ó sì ní kí akọni dì í mú. Ọkọ̀ kọ̀, kò kúnlẹ̀. Olówó rẹ̀ bá a kúnlẹ̀. Kí orúkọ Adégòróyè má parẹ́! Kí ẹnikẹ́ni tó bá sì ń gbèrò láti ra ọkọ̀ tó ga ju ti ẹnì kejì rẹ̀ lọ kọ́kọ́ yà sí ilé ìdáná rẹ̀, kó wo bóyá àpótí wà níbẹ̀, nítorí ti Láníhùn kò ráyè mọ́: jíìpù méjì ló ń sìn.