Ọjọ́ Tí Mo Fi Ẹnu Ri Ọkọ̀ Ogun

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọ́n á fi kírun sí mi lára: ọjọ́ tí mo fi ẹnu lásán ri ọkọ̀ ogun àwọn òyìnbó, tí èmi fúnra mi sì wà nínú ẹ̀. Mi ò yìnbọn, mi ò sì lu ú níhò. Ìwé ni mo há sórí, ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ ni mo hù, mo gbà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará mọ́sáláṣí wa ní Peckham, torí iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú tiwọn.

Ọdún méjìlá ni mo fi gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá Surrey Quays, iṣẹ́ òru ni gbogbo ẹ̀, títí orúnkún mi fi ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Nígbà tí ẹ́jẹ́nsì pè mí pé iṣẹ́ ojúmọmọ kan wà ní Deptford, mo ti ní mo fẹ́ ẹ kí wọ́n tó sọ ohun tó jẹ́. Àṣé ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan ni, tí wọ́n so mọ́ etí odò kí àwọn èèyàn lè máa wá wò ó. Iṣẹ́ mi ni kí n wọ jákẹ́ẹ̀tì, kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa sọ fún àlejò pé, "Ẹ rọra, ẹ tẹrí ba."

Ohun tí mi ò sọ fún ẹ́jẹ́nsì ni pé mo bẹ̀rù omi. Bí bọ́ọ̀sì bá gbé mi gun afárá, ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń wò títí a ó fi kọjá. Afárá kékeré tí a fi ń wọ inú ọkọ̀ náà sì rèé, irin oníhò ni, omi ń hàn nísàlẹ̀ ẹ̀ kedere. Láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, gbogbo àdúà tí mo mọ̀ ni mo ti kà kí n tó dé ìdajì. Mo wá tún wọn kà fún ìdajì tó kù.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mánéjà wa, òyìnbó obìnrin kan tí à ń pè ní Madam Hẹ́lẹ́nì, pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní ẹni tó ń sọ ìtàn ọkọ̀ fún àwọn àlejò fẹ́ fẹ̀yìn tì.

"Ṣé ẹ lè ṣe é? Ohùn yín dún dáadáa. Àwọn tí ẹ́jẹ́nsì mú wá, iṣẹ́ wọn máa parí níparí oṣù yìí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lè sọ ìtàn yìí, ẹ ó di ara wa pátápátá."

"Tí mi ò bá lè sọ ọ́ ńkọ́, Madam?"

"A jẹ́ pé a ó dágbére nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé ni màá wá gbọ́ yín."

Páálí ni mo rí lójú mi, àti òru, àti orúnkún mi. Mo ní mo lè sọ ọ́. Ó fún mi ní fáìlì ńlá kan, ó ní ìtàn ogun ọkọ̀ náà wà nínú ẹ̀. Mo gbé e há abíyá, mo gba Rye Lane kọjá, gbogbo ẹni tó kí mi ni mo sọ fún pé wọ́n ti fi mí ṣe tísà.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé kéú ní kékeré, ẹ ó mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ibi tí mo ti kàwé gan-an ni ọ̀dọ̀ Alùfáà wa ní Ìwó, níbẹ̀, a kì í béèrè ìtumọ̀. A máa ń jókòó sórí ẹní, a máa ń mì síwá mì sẹ́yìn, a ó fi orin sí i, títí gbogbo ẹ̀ á fi wọ orí. Tí ẹnikẹ́ni bá dá wa dúró láàárín, àfi ká padà lọ bẹ̀rẹ̀ látòkè. Bí mo ṣe mọ ìwé há sórí nìyẹn, mi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn.

Mo ṣí fáìlì. Ìwé tó wà lókè ní àwòrán ọkọ̀ lórí. Mo wò ó dáadáa: ìbọn ńlá mẹ́ta mẹ́ta, ihò èéfín méjì. Ọkọ̀ wa nìyí. Orúkọ wà lábẹ́ àwòrán náà, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Mi ò wò ó. Ta ló ń ka orúkọ ẹni tó ti mọ̀ lójú?

Mi ò mọ̀ pé ìbejì ni ọkọ̀ ọ̀hún. Ibì kan náà ni wọ́n ti kàn wọ́n, ìrísí wọn ò sì yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n pe tiwa ní Táyé, kí n pe èkejì ní Kẹ́hìndé, kó lè yé wa. Àwọn méjèèjì ló jagun àgbáyé kejì. Táyé jà tán, ó padà wálé, òun ló wà ní Deptford. Kẹ́hìndé ò padà. Ìwé Kẹ́hìndé ló wà lókè fáìlì, òun ni mo há sórí.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń mì síwá sẹ́yìn lórí àga ìdáná. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó mi pa gáàsì.

"Bàbá Rófíà, kí ni ìtumọ̀ ohun tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí?"

"Ìtàn ọkọ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé ìtàn ọkọ̀ ni. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà?"

"Má dá mi dúró. Wò ó, o ti jẹ́ kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Ó ṣáná sí gáàsì padà, ó ní Ọlọ́run á ṣọ́ mi.

Nígbà tí Sátidé dé, àlejò bí ogún ló dúró dè mí. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ láti Birmingham, fìlà pupa ló dé, kò sì sí ohun tí kò ní béèrè. Obìnrin Yorùbá kan tí wọ́n ń pè ní Sister Bọ́sẹ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú obìnrin mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Walworth. Bó ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi báyìí ló ní, "Uncle, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ wa ni yín." Bàbá òyìnbó kan wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mo ní kí n dì í lọ́wọ́ mú níbi àtẹ̀gùn tó lọ sí ìsàlẹ̀, torí ó dà bí àkàbà. Bàbá kẹ̀yìn sí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá irin mú, ó sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń wọ yàrá ẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ìdí ni mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Inú yàrá tí àwọn atukọ̀ ti ń jẹun tí wọ́n sì ń sùn la dúró sí. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo gbọ̀n jákẹ́ẹ̀tì mi, mo bẹ̀rẹ̀.

"Kúrúsà ni ọkọ̀ yìí. Kò tó àgbà ọkọ̀ ogun ní títóbi, ṣùgbọ́n ó yá ju àgbà lọ. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa sin àwọn ọkọ̀ ẹrù, kí ọ̀tá má baà pa wọ́n lójú ọ̀nà. Ó sin wọ́n dé ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Omi ń dì sára ẹ̀ títí yìnyín fi fẹ́ wúwo ju ọkọ̀ lọ, àwọn atukọ̀ ń fi àáké gé e dànù tọ̀sán tòru, kí ọkọ̀ má baà dojú dé."

"Kí ni wọ́n ń jẹ?" Birmingham ló béèrè.

Ó tán. Gbogbo ẹ̀ fò lọ. Mo ní, "Kúrúsà ni ọkọ̀ yìí," mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo dé ibi yìnyín, Sister Bọ́sẹ̀ ní, "Ẹ má bínú Uncle, ibo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà?" Mo nawọ́ sí i. "Kúrúsà ni ọkọ̀ yìí." Nígbà kẹta tí a ń lọ sí Rọ́ṣíà, òtútù ti ń mú àwọn àlejò pàápàá.

Ìgbà yẹn ni Madam Hẹ́lẹ́nì wọlé, tó fara ti ògiri. Mo bá gbé ohùn sókè. Ọrùn mi ti ń mì síwá sẹ́yìn, Gẹ̀ẹ́sì ń jáde lẹ́nu mi pẹ̀lú ohùn kéú Ìwó, ó dùn mọ́ èmi gan-an. Mo gbé ọkọ̀ kúrò nínú yìnyín, mo gbé e lọ sí òkun Mẹditaréníà, níbi tó ti ń sin oúnjẹ lọ fún àwọn ará erékùṣù Málítà tí ebi ń pa. Mo ní ìbọn abẹ́ omi bà á láàárọ̀ kùtù. Mo ní epo dúdú bo ojú omi, àwọn atukọ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ ara wọn kí wọ́n lè mọ ẹni tó kù. Mo ní, "Ó sì rì." Mo tẹrí ba bí ọmọ kéú tó parí wòlíìmọ̀.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin Birmingham wo ilẹ̀, ó wo òrùlé, ó wo èmi.

"Ọ̀gá, tó bá rì, orí kí la dúró sí?"

Ìgbà yẹn gan-an ni ìtumọ̀ ohun tí mo ti ń kà láti ọ̀sẹ̀ kan wọ inú orí mi. Ó yẹ kí n ní mo ṣì í. Ṣùgbọ́n Madam ń wò mí, páálí ń wò mí, ìbẹ̀rù ló bá mi dáhùn.

"Wọ́n yọ ọ́," mo ní. "Ìjọba yọ ọ́ jáde. Wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà."

Sister Bọ́sẹ̀ ti padà dé. Ó fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Uncle, àwọn tó kú sínú ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ibi tá a dúró sí yìí náà ni?"

Ẹni tó ti ń purọ́ bọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í tètè dúró. Mo ní, "Ibí gan-an."

Ọkọ̀ kan tó ń sáré lórí odò kọjá nígbà náà, ìgbì kọlù wá, gbogbo irin ọkọ̀ kérora. Sister Bọ́sẹ̀ di ojú. "Ẹ̀mí yòówù tó bá wà nínú irin yìí, mo dè ọ́ lórúkọ Jésù." Àwọn mẹ́ta tó kù ṣe àmín. Àwọn òyìnbó ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn yẹn yé wọn, wọ́n ń sún mọ́ àtẹ̀gùn. Èmi tí mo mọ̀ pé èmi ni mo hùmọ̀ òkú wọ̀nyẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ sá. Èrò ti dí àtẹ̀gùn, mo bá gba inú ihò róbótó kan lára òrùlé, tí àwọn atukọ̀ ń gbà jáde nígbà ewu. Orí mi jáde, apá mi jáde. Ikùn mi kọ̀.

Bí mo ṣe wà nìyẹn, ìdajì mi lókè, ìdajì nísàlẹ̀. Ère àwọn atukọ̀ pọ̀ kiri nínú ọkọ̀ náà, àwọn àlejò tó wà lókè rò pé ọ̀kan nínú wọn ni mí. Obìnrin kan ní ojú mi jọ ti èèyàn gan-an, ó ya fọ́tò mi. Mi ò mira. Ojú ń tì mí jù.

Nínú ihò yẹn ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi: kí n máa ka orúkọ kí n tó ka ìtàn, kí n sì máa béèrè ìtumọ̀ kí n tó fi orin sí i. Títí dòní, bí dókítà bá fún mi lóògùn, mo máa ń ka ara ìgò títí ìyàwó mi á fi ní kí n gbé e mì. Mo máa ń rántí ẹsẹ̀ mi méjèèjì tó ń jù fìrìfìrì nínú afẹ́fẹ́, màá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì máa dùn mí díẹ̀.

Sister Bọ́sẹ̀ àti Birmingham ló di ẹsẹ̀ mi mú.

"Uncle, ẹ fa ikùn sínú."

"Inú náà ló wà, Sister. Kò síbi tó tún lè lọ."

Wọ́n fà mí títí bọ́tìnnì jákẹ́ẹ̀tì fi já, mo sì bọ́ sílẹ̀ níwájú Madam Hẹ́lẹ́nì. Ó ti ṣí fáìlì, ó fi ìka lé abẹ́ àwòrán.

"Ẹ ka ibí."

Mo kà á. Kì í ṣe orúkọ tó wà lára ọkọ̀ wa.

"Ẹ sọ fún àlejò pé ọkọ̀ wọn rì," ó ní. "Ẹ ní a nù ún gbẹ. Ẹ lé wọn sá. Kí ni kí n sọ fún àwọn ọ̀gá mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ jákẹ́ẹ̀tì.

"Ọmọ, wọ aṣọ ẹ padà."

Bàbá arúgbó ni. Kò dìde lórí bẹ́ǹṣì láti ìgbà tí rògbòdìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣí fìlà, ó gbé e sórí orúnkún. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí lọ́mọ, mo bá wọ̀ ọ́ padà.

"Ọkọ̀ tó ń sọ yẹn, mo wà nínú ẹ̀," bàbá sọ fún Madam. "Láàárọ̀ kùtù ni, bó ṣe wí. Epo wà lójú omi, bó ṣe wí. Wọ́n pe orúkọ mi, mo dáhùn. Kò sọ ohun kan tí kò ṣẹlẹ̀."

"Ti nínù gbẹ yẹn ńkọ́?" Birmingham béèrè.

"Yàtọ̀ sí ti nínù gbẹ."

Madam Hẹ́lẹ́nì mú ohùn ẹ̀ rọ̀. "Ṣùgbọ́n Sà, ọkọ̀ yẹn kọ́ nìyí."

Bàbá fọwọ́ pa irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "Mo mọ̀. Tèmi wà nísàlẹ̀ òkun, mi ò lè débẹ̀. Ìkejì ẹ̀ ni mo máa ń wá wò lọ́dọọdún, màá jókòó síbí." Ó wá wò mí, ó wo Madam, ó sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà dòní: "Ẹ fi í sílẹ̀, Madam. Gbogbo àwọn yòókù níbí, ìtàn ọkọ̀ tó padà délé ni wọ́n ń sọ. Òun nìkan ló sọ tèmi."