Ẹrù Tí Wọ́n Ń Dá Padà

Nígbà tí rélùwéè kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní Ìbàdàn, tí àwọn ọmọ tó mọ̀wé ń bá a lọ sí Èkó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, Ọlátúndé ọmọ Kúdẹtì, akọ̀wé rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, wọ agboolé Bàbá Fàsásì ní Bẹẹrẹ. Ó wọ bàtà funfun, ó fi igi tí wọ́n fi ń gbá tẹ́níìsì há abíyá. Àtọ́kẹ́ ọmọ Bàbá ló ń fẹ́. Ó ti wá tọrọ rẹ̀ tó ìgbà mélòó kan, Bàbá kò gbà, kò sì kọ̀. Òrùlé yàrá tí wọ́n jókòó sí ti lu, ojú ọ̀run ń yọjú sí wọn.

Ọlátúndé dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Bàbá bi í léèrè ìdí tí kò fi tíì kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ òrùlé, bí gbogbo ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ti í ṣe fún àna. Ó ní iṣẹ́ ìjọba ni kò jẹ́.

"Títí kan Sátidé?"

"Sátidé kẹ̀, Bàbá? Eré la máa ń ṣe ní Sátidé."

Ibẹ̀ ló yẹ kó dákẹ́ sí, àmọ́ ẹnu ẹni tó ti dé etí òkun rí kì í sinmi. Ó ní àwọn a máa wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà dé òdìkejì, àwọn á sì tún wà á padà.

"Kí lẹ lọ rà?"

"A ò ra nǹkan kan, Bàbá."

"Ta lẹ lọ kí?"

"A ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Tá a bá ti dé èbúté, a ó yí padà ni."

Bàbá kí i kú wàhálà. Ọlátúndé ní àwọn a tún máa wọ inú òkun, ìgbì á gbé àwọn jù síta, àwọn á tún wọlé. Bàbá bi í pé kí ló jábọ́ sómi. Ó ní kò sí ohun tó jábọ́. Bàbá ní kí wọ́n ṣáà máa fi sùúrù wá a.

"Tẹ́níìsì ni baba gbogbo wọn," ni Ọlátúndé wí. "Ilẹ̀ Lọ́yà Japheth létí ọ̀sà la ti ń gbá a. A ó máa sá sókè sódò nínú oòrùn títí òógùn á fi bò wá."

"Èló ló ń san fún yín?"

"Kò sówó níbẹ̀, Bàbá. Tíì àti àkàrà òyìnbó ni wọ́n ń fún wa tá a bá ṣe tán."

Bàbá gbójú sókè. "Oòrùn, òógùn, kò sówó, oúnjẹ ló kángun rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ta lò ń fẹ́ níbẹ̀?"

"N ò fẹ́ ẹnì kankan, Bàbá."

"Ta ló ń gbé oúnjẹ wá?"

"Louisa, ẹ̀gbọ́n lọ́yà."

"Ó lọ́kọ?"

"Kò lọ́kọ, àmọ́ ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún."

"Abájọ tí wọ́n fi ń fi àkàrà kún un."

Ara Ọlátúndé bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó ní kí Bàbá jẹ́ kí òun là á yé wọn. Àwọ̀n ló wà láàárín. Òun á gbá bọ́ọ̀lù sí ẹni tó wà lódìkejì, ìyẹn á sì dá a padà.

"Ó dá a padà?"

"Ó dá a padà."

"Ìwọ tún gbé e lọ?"

"Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀."

"Ó tún dá a padà?"

"Bó bá mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, Bàbá, ó lè máa dá a padà títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Àánú Ọlátúndé ṣe Bàbá. Ní Bẹẹrẹ, bí wọ́n bá dá ẹrù ìyàwó padà lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

"Ọmọ mi, wọn ò fẹ́ ọ. O ṣe ọ̀wẹ̀ fún wọn, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n dá ẹrù rẹ padà. Louisa ló kọ̀ ọ́ tó o fi sáré wá bá Àtọ́kẹ́."

Ọlátúndé rí i pé ìyàwó ti fẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó yọ bọ́ọ̀lù jáde nínú àpò. "Eré lásán ni, Bàbá. Ẹ wò ó." Ó rọra jù ú sí wọn.

Bàbá hán an. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sápò dàńṣíkí. Ọlátúndé dúró, ó na igi rẹ̀, ó ń retí.

"Ẹ jù ú padà, Bàbá."

"Kí n dá a padà? O ò fẹ́ Àtọ́kẹ́ mọ́?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Bọ́ọ̀lù yẹn ni kì í ṣe tèmi. Ti lọ́yà ni. Òun nìkan ló kù, ọ̀sà ti gbé ìyókù lọ."

Bàbá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Àtọ́kẹ́, lọ́yà kan l'Ékòó fi ẹrù ránṣẹ́ sí ọ. Alárinà rẹ̀ ló dúró síbí."

Ọlátúndé na gbalaja sílẹ̀ tòun ti bàtà funfun. Ó rántí ojú lọ́yà, ẹ̀rù bà á. Ó rántí Àtọ́kẹ́, ẹ̀rù tún bà á jùyẹn lọ.

"Tèmi ni, Bàbá. Tèmi ni bọ́ọ̀lù."

"Kò sì sí òmíràn ní gbogbo Èbúté Mẹ́ta yín?"

"Kò sí, Bàbá."

Bàbá fọwọ́ tẹ àpò wọn, wọ́n wo òrùlé lókè.

"A ti gba ẹrù. Níwọ̀n bí ẹ ò ti wá ní nǹkan tẹ́ ẹ máa gbá ní Sátidé mọ́, kó gbogbo ẹgbẹ́ rẹ wá. Koríko òrùlé ti wà lẹ́yìnkùlé. Tẹ́ ẹ bá ń jù ú sókè, kò sẹ́ni tó máa dá a padà."