Igbá Obì Tí Mo Fi Kí Aládùúgbò Mi Lókè Ọya

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi láéláé. Bí ogbó bá gba gbogbo nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mi, á fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀, kí àwọn ọmọ mi lè máa rí nǹkan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà náà. Ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, olùkọ́ ò sì kárí lókè Ọya, ni wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò lọ kọ́ni níbẹ̀ láìgba owó oṣù. Bàbá Kúnlé ní òun á lọ. Mo ní, "Ẹ̀yin nìkan?" Ó ní, "Gbogbo wa ni." Gbogbo wa ọ̀hún, ọmọ mẹ́jọ ni, àtèmi, àti àbúrò ọkọ mi tí à ń pè ní Bùọ̀dá Délé, tí kò níyàwó, tí kì í sì í gbọ́ pé èèyàn ń rìnrìn àjò kó má tẹ̀ lé e. Reluwé gbé wa, lọ́rí gbé wa. Nígbà tí a fi máa dé abúlé náà, eruku ti sọ gbogbo wa di àwọ̀ kan náà.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí kí n tó gbàgbé: ọmọ oníṣòwò obì ni mí ní Ṣàgámù. Láti kékeré ni mo ti ń bá bàbá mi ta gbàǹja fún àwọn Haúsá ní Sábó, nítorí náà mo gbà pé kò sí ohun tí n ò mọ̀ nípa wọn. Mo fi èyí yangàn fún ọkọ mi títí ọkọ̀ fi kọjá Jẹ́bà. Àṣé Haúsá tí mo gbọ́ ò ju èyí tí a fi ń ná ọjà lọ. Mo sì gbé agbọ̀n gbàǹja ńlá kan dání, torí ta ni yóò lọ sílùú onílùú lọ́wọ́ òfo?

Màlámù Sáni ló fún wa nílé tí a wọ̀ sí. Ilé tirẹ̀ ló kángun sí tiwa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tólẹ̀ lábúlé. Bí a ṣe sọ ẹrù kalẹ̀ tán, mo ní kí n lọ dúpẹ́ bí ọmọlúàbí. Mo ké "Ẹ kúulé o," mo sì wọlé lọ ràì, bí a ti ń ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́. Àbáwọlé tí àwọn ọkùnrin ti ń gba àlejò ni mo já sí, ọkùnrin ló sì kúnbẹ̀ bámúbámú. Ọ̀kan fi ìwé bojú, ọ̀kan ń wo àjà, Màlámù fúnra rẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Èmi rò pé ojú ló ń tì wọ́n. Ni mo bá kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi obìnrin ló wá fà mí jáde, ó ní obìnrin kì í wọ ibẹ̀.

Kí n lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, mo pinnu pé ọkùnrin ni n ó rán lọ́jọ́ kejì. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti bà á jẹ́. Mo ṣa gbàǹja funfun tó dára jù, mo kó o kún igbá, mo fi iyọ̀ àti ṣúgà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wá fi aṣọ tuntun bò ó. Mo ní kí Kúnlé, àkọ́bí mi, lọ wẹ̀ kó sì wọ agbádá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó ga, ó dúdú, ó ń dán. Mo ní kí Bùọ̀dá Délé ṣíwájú, torí ọ̀rọ̀ ò gbọdọ̀ ṣàìní àgbà. Nígbà tí wọ́n padà dé, Bùọ̀dá Délé ní tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi gba igbá náà, wọ́n ṣàdúrà títí, wọ́n sì bi òun ní ìbéèrè kan ní Haúsá tí kò yé òun.

"Kí lẹ dá wọn lóhùn?"

"Mo kàn ń mi orí ni."

Mo ní wọ́n kú iṣẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, àwọn àgbà obìnrin rọ́ dé tayọ̀tayọ̀, wọ́n gbé wàrà wá, wọ́n gbé fúrá, ọkà tí wọ́n ń pò mọ́ wàrà, wá. Wọ́n yí Kúnlé po, wọ́n ń fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Mo ní àwọn èèyàn yìí mà mọ oore o, nítorí obì lásán. Mo bá wọn jó. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, "Tó" ni mo ń wí, ìyẹn "ó dáa" ní Haúsá, torí mo mọ̀ pé ní Sábó, bí oníbàárà bá ti lè sọ bẹ́ẹ̀, ọjà ti parí nìyẹn.

Ọ̀sán ni Tíṣà Yákúbù wá, ọmọ Ìlọrin kan tó ń bá ọkọ mi kọ́ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ kú oríire. Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa pé ẹ ń wá ìyàwó."

"Ìyàwó ta?"

"Ti Bùọ̀dá Kúnlé ni. Ràbí, ọmọ Màlámù Sáni. Gbogbo ẹbí wọn ló ti jẹ nínú obì yín."

Ó wá ṣàlàyé. Níbẹ̀, bí àwọn ọkùnrin ilé kan bá gbé igbá obì lọ bá bàbá ọmọge, tí bàbá náà sì pín in fún ẹbí, ọ̀rọ̀ ti di àdéhùn. Ìbéèrè tí wọ́n bi Bùọ̀dá Délé ni pé ṣé Ràbí ni wọ́n wá tọrọ fún Kúnlé. Kúnlé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti agbádá. Ó ní àfẹ́sọ́nà kan ní Òde Rẹ́mọ, Bísí lorúkọ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, kí ni n ó sọ fún Bísí?" Ọkọ mi ò pariwo, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó kàn ní, "Ìyá Kúnlé, bí a bá ní a ò ṣe mọ́, wọn á ní ọmọ náà lábùkù ni. Ta ni yóò fẹ́ ẹ lẹ́yìn èyí?"

Ràbí ti parí ilé ìwé, ó ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ pọn omi wá fún wa lọ́jọ́ tí a dé. Mo sunkún, mo nu ojú, mo ní kí Yákúbù bá mi lọ. Ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin ni mo gbà wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá Ràbí ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Yákúbù ń túmọ̀, òógùn ń bò ó.

Màlámù fèsì. Yákúbù ní, "Ó ní òun ò bínú. Ṣùgbọ́n obì tí a ti jẹ kì í padà sínú igbá. Ó ní kí lòun ó wá sọ fáwọn èèyàn pé obì náà wà fún?"

N ò mọ ibi tí èsì náà ti wá. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé lóòótọ́ ni mo wá tọrọ Ràbí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tọrọ rẹ̀, kì í ṣe Kúnlé. Mo fẹ́ kó di ọmọ mi."

Ràbí dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó fi ìbòrí bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ló ń rín. Bàbá rẹ̀ wò ó, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sọ nǹkan kan. Yákúbù ní, "Wọ́n ní ṣé ẹ mọ ohun tí ìyá ọmọ máa ń ṣe níbí?"

Mo ní, "Tó." Ẹ ò rí i pé n ò kọ́gbọ́n.

Màlámù sọ ọ́ fún gbogbo abúlé bẹ́ẹ̀, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn, Kúnlé sì rí Bísí rẹ̀ fẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ gidi wá fún Ràbí. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ìyá ìyàwó ló ń kó abọ́ àti ìkòkò kún yàrá ọmọ rẹ̀, tí wọn á tò ó kan àjà. Gbogbo abọ́ táńganran tí mo rù wá láti Ṣàgámù ló bá a lọ. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ tò wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ, mo sunkún ju ìyá tó bí i lọ, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí pé kí ló kàn mí níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn tó gbé ẹ̀bùn jáde nílẹ̀ onílẹ̀, kó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Nígbà tí a padà sí Ìkẹ́nnẹ́, abọ́ ike la fi ń jẹun. Bí ọkọ mi bá ti ń wo abọ́ náà tó ń mi orí, èmi á ní, "Ẹ jẹun yín jàre, Bàbá Kúnlé. Mẹ́jọ ni mo fi ìrọbí bí, abọ́ ni mo fi bí ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án." Òun náà á wá rẹ́rìn-ín, á sì bu òkèlè.