Ilé Àna Lágbàyí ní Àkùrọ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ilẹ̀ tó rọ ọkọ́ lọ́rùn kì í rọ ilé lọ́rùn? Ẹ sún mọ́ mi o. Èmi tí mi ò tiẹ̀ sí níbẹ̀, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bà mí.

Lágbàyí ló fẹ́ gbé Àwẹ̀ró níyàwó. Bàbá Àwẹ̀ró ní kó wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna ná: kó kọ́ ilé tuntun fún òun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò síyàwó. Orí àpáta ni gbogbo ará ìlú wọn kọ́lé sí. Lágbàyí gbé ọkọ́ lé àpáta lẹ́ẹ̀kan, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Ló bá gba àkùrọ̀ etí odò lọ, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ tán, ó ń súfèé.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibí yìí ò rọ̀ jù?"

"Àwẹ̀ró, ilé ni mo fẹ́ kọ́. Mi ò fẹ́ feyín fọ́ àpáta."

Ilé parí, Baba kó wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ilẹ̀ mì tìtì. Lórí àpáta, ìkòkò kan ara wọn, ajá gbó, ó tán. Ní àkùrọ̀ ńkọ́? Háà! Ilẹ̀ ń ru bí ọbẹ̀ tó ń hó. Omi àti iyanrìn ń tú jáde lábẹ́ ògiri. Ibùsùn gbé Baba dé ẹnu ọ̀nà, ó tún gbé e padà. Baba sáré sídìí ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ti gbé e mì. Ó yíjú sí fèrèsé, fèrèsé náà ti ń lọ.

"Baba mi o! Ẹ gbà wá o!" Àwẹ̀ró ń ké.

Lágbàyí ń sáré bọ̀, ó ń rò ó pé bí Baba bá kú sínú ilé yìí, ta ni yóò fa Àwẹ̀ró lé e lọ́wọ́?

Ilẹ̀ dákẹ́. Òrùlé nìkan ló kù lókè ẹrẹ̀. Wọ́n pe Baba, kò dáhùn. Àfìgbà tí koríko òrùlé mì, tí orí Baba yọ, tí ẹrẹ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Lágbàyí!"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. "Ẹ má bínú, Baba."

"Ilé ni mo ní kó o kọ́ fún mi. Ta ló ní kó o gbẹ́ sàréè?"

"Baba, ilẹ̀ ibẹ̀ ló rọ ọkọ́ lọ́rùn."

"Ilé tó wà lórí ẹ̀ ńkọ́?"

Lágbàyí gbé ọkọ́, ó padà sórí àpáta, ó ń fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ó ń sunkún, títí ilé mìíràn fi dúró.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ní kí Baba súre fún tọkọtaya. Gbogbo èèyàn kúnlẹ̀, wọ́n ń retí àdúrà. Baba kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò, ó wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ilẹ̀ tó rọ ọkọ́ lọ́rùn kì í rọ ilé lọ́rùn."

Lágbàyí, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti yi bí awọ bàtà, ló kọ́kọ́ ṣe àmín.